Ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ àwọn aṣáájú ìmọ̀ ẹ̀rọ orí ayélujára ní ilẹ̀ Yorùbá

Ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ àwọn aṣáájú ìmọ̀ ẹ̀rọ orí ayélujára ní ilẹ̀ Yorùbá ni ọ̀rọ̀ nípa ibi tí àwọn tó dá iṣẹ́ orí ayélujára sílẹ̀, àti àwọn tó ṣe agbátẹrù sọ́fítíwíà gbangba, ti gbéra: ohun tí wọ́n kọ́ nílé ẹ̀kọ́, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe kí orúkọ wọn tó jáde, àti bí iṣẹ́ àkọ́kọ́ náà ṣe darí èyí tí a fi mọ̀ wọ́n lónìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan ló lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn ìgbésí ayé àwọn tó wà nídìí rẹ̀ kò ti èrò yìí lẹ́yìn. Onímọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ èdè, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, ẹni tó kọ́ nípa òfin, ẹni tó kọ́ nípa ètò ìṣèlú, àti ẹni tí kò parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Yunifásítì. Méjì nínú àwọn tí orúkọ wọn hàn jù lọ, Fúnkẹ́ Ọ̀pẹ̀kẹ́ àti 'Gbénga Ṣẹ̀san, so mọ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ìtumọ̀ àti ààlà

Ọ̀nà méjì ni a lè pín àwọn aṣáájú wọ̀nyí sí. Àwọn kìíní ni àwọn tó dá iṣẹ́ orí ayélujára sílẹ̀, ìyẹn iṣẹ́ tí ènìyàn ń rí gbà láti orí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà: sísan owó, fífi owó pamọ́, wíwá iṣẹ́ oṣù, wíwá ẹ̀jẹ̀ fún aláìsàn, tàbí bíbá ọ̀pọ̀ ènìyàn fọ̀rọ̀ wérọ̀. Àwọn kejì ni àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lórí ohun tí àwọn oníṣẹ́ náà ń pè ní open source, tí a ó máa pè ní sọ́fítíwíà gbangba nínú àpilẹ̀kọ yìí. Òun ni sọ́fítíwíà tí àwọn tó kọ ọ́ gbé kóòdù rẹ̀ sí ojútáyé, pẹ̀lú ìwé àṣẹ tó gba ẹnikẹ́ni láyè láti kà á, láti tún un ṣe, àti láti pín in fún ẹlòmíràn.

Lọ́dún 1983 ni Richard Stallman kéde iṣẹ́ GNU ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1991 ni Linus Torvalds, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki nígbà náà, gbé Linux jáde. Láti ìgbà náà ni irú sọ́fítíwíà yìí ti di ìpìlẹ̀ tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ orí ayélujára dúró lé, títí kan àwọn tí ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà. Nítorí náà, ààlà tó wà láàárín ọ̀nà méjèèjì kò le. Ẹnì kan náà lè ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì, gẹ́gẹ́ bí ìtàn Ṣọlá Akínlàdé ti fi hàn nísàlẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná

Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tí a ń pè ní Yunifásítì Ifẹ̀ títí di ọdún 1987, wà nínú ìtàn ọ̀pọ̀ lára àwọn aṣáájú yìí. Níbẹ̀ ni Ọ̀pẹ̀kẹ́ àti Ṣẹ̀san ti kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀kọ́ náà gbé wọn dé jìnnà sí ara wọn.

Fúnkẹ́ Ọ̀pẹ̀kẹ́

Ọmọ Ilé-Olújì ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ni Ọ̀pẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni ó dàgbà sí. Bàbá rẹ̀ ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ olùdarí Iléeṣẹ́ Ìwádìí Kòkó ti Nàìjíríà. Olùkọ́ ni ìyá rẹ̀. Ó lọ sí Queen's School ní Ìbàdàn, ó gba oyè àkọ́kọ́ ní Ifẹ̀, ó sì gba oyè kejì nínú ẹ̀kọ́ kan náà ní Yunifásítì Columbia ní New York. Lẹ́yìn èyí ni ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Amẹ́ríkà, tó sì di ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá ní iléeṣẹ́ Verizon, ní ẹ̀ka tí ń ta ìlà ìbánisọ̀rọ̀ ní àtàpọ̀ fún àwọn iléeṣẹ́ mìíràn.

Lọ́dún 2005 ó padà wálé láti di ọ̀gá àgbà ìmọ̀ ẹ̀rọ ní MTN Nàìjíríà. Ó tún darí iṣẹ́ ní NITEL, iléeṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, fún ìgbà díẹ̀. Ní àsìkò yẹn, SAT-3 ni okùn abẹ́ òkun tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọ Nàìjíríà, NITEL ló sì ni ìpín orílẹ̀-èdè nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá rí i lò ní láti gba íntánẹ́ẹ̀tì láti ojú òfuurufú nípa sátẹ́láìtì, èyí tó wọ́n gan-an. Ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ta ìlà ìbánisọ̀rọ̀ ní àtàpọ̀ mọ ibi tí ọ̀wọ́n náà ti ń wá: ọ̀nà tó wọlé láti òkèèrè kéré jù.

Lọ́dún 2008 ni Ọ̀pẹ̀kẹ́ dá MainOne sílẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2010, okùn abẹ́ òkun iléeṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi 7,000 kìlómítà, ó gbéra láti orílẹ̀-èdè Pọtogí, ó sì dé Àkìrà ní Gánà àti Èkó. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, iléeṣẹ́ Equinix ti Amẹ́ríkà kéde pé òun yóò ra MainOne ní mílíọ̀nù 320 dọ́là. Wọ́n parí ọ̀rọ̀ náà ní oṣù Kẹrin ọdún 2022. Bí iṣẹ́ yìí ti ṣe pàtàkì tó hàn ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí okùn MainOne àti àwọn okùn mìíràn já nínú òkun ní etí ilẹ̀ Côte d'Ivoire. Ìdíwọ́ bá iṣẹ́ báǹkì àti íntánẹ́ẹ̀tì ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ́jọ́ náà.

'Gbénga Ṣẹ̀san

Àkúrẹ́ ni a bí Ṣẹ̀san sí lọ́dún 1977. Òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé nígbà tí òun wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíráma, wọn kò gba òun láyè láti kọ́ bí a ti ń lo kọ̀ǹpútà, àti pé ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí òun pinnu pé òun yóò kọ́ ọ, òun yóò sì kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀, kò wá iṣẹ́ lọ sí iléeṣẹ́ ẹ̀rọ. Lọ́dún 2001 ni a yàn án ní aṣojú àkọ́kọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, lọ́dún 2007 ni ó sì dá Paradigm Initiative sílẹ̀.

Àjègúnlẹ̀ ní Èkó wà lára ibi tí àjọ náà ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní lílo kọ̀ǹpútà. Nígbà tó yá, wọ́n fi ìjà fún ẹ̀tọ́ aráàlú lórí ayélujára kún un. Àjọ náà wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí àbádòfin ẹ̀tọ́ àti òmìnira orí ayélujára, èyí tí àwọn Aṣòfin Àgbà àti Aṣojú-ṣòfin buwọ́ lù, ṣùgbọ́n tí Ààrẹ Muhammadu Buhari kọ̀ láti fọwọ́ sí lọ́dún 2019. Lọ́dún 2022, Akọ̀wé Àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yan Ṣẹ̀san sínú ìgbìmọ̀ aṣáájú fún àpérò àgbáyé lórí ìṣàkóso íntánẹ́ẹ̀tì.

Àwọn tó kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà

Ṣọlá Akínlàdé kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ. Kí ó tó di ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀, ó ṣe Precurio, sọ́fítíwíà gbangba tí àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kan náà lè fi bá ara wọn ṣiṣẹ́ pọ̀, pín ìwé, kí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Ó tún bá àwọn báǹkì ṣe iṣẹ́ lórí àkójọ détà wọn. Ọ̀nà méjèèjì ló pàdé nínú Paystack, tí òun àti Ezra Olubi dá sílẹ̀ lọ́dún 2015. Iṣẹ́ sọ́fítíwíà gbangba ti kọ́ ọ bí a ti ń kọ kóòdù tí àjèjì ẹlẹ́gbẹ́ ẹni lè kà, kí ó sì lò láìbéèrè. Iṣẹ́ báǹkì sì ti fi hàn án bí owó ti ń rìn láti ìhà kan sí òmíràn. Ohun tí Paystack ń tà fún àwọn oníṣòwò ni ọ̀nà tí wọ́n lè gbà fi kóòdù díẹ̀ gba owó láti ọwọ́ oníbàárà lórí ayélujára. Lọ́dún 2016, ó di iléeṣẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó wọ ètò Y Combinator ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, Stripe kéde pé òun ń ra Paystack. Owó tí ìròyìn gbé jáde lé ní mílíọ̀nù 200 dọ́là.

Ọdúnayọ̀ Ewéníyì gba oyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Covenant ní Ọ̀tà, ní ipò kìíní. Òun, Somto Ifezue àti Joshua Chibueze kọ́kọ́ ṣe PushCV, iṣẹ́ tí ń bá àwọn ènìyàn wá iṣẹ́ oṣù. Ohun tó bí iṣẹ́ wọn kejì kò ti inú ìwé wá. Ní ìparí ọdún 2015, obìnrin kan fi àwòrán kóló rẹ̀ sórí Twitter: ó ti fi ẹgbẹ̀rún kan náírà sínú rẹ̀ lójoojúmọ́ jálẹ̀ ọdún náà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2016, wọ́n gbé Piggybank.ng jáde, tí ń ṣe iṣẹ́ kóló lórí fóònù. Lọ́dún 2019 ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí PiggyVest. Ẹni tó bá mọ kóló, àjọ àti èsúsú mọ̀ pé ìlànà ìfowópamọ́ náà ti pẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ohun tí ìmọ̀ ẹ̀rọ fi kún un ni ibi tí a ń kó owó náà sí àti bí a ṣe ń kà á.

Olúgbénga Agboọlá, ọ̀kan lára àwọn olùdásílẹ̀ Flutterwave, ti ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìsanwó òkèèrè àti ní báǹkì kí wọ́n tó dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dún 2016. Nínú ìtàn òun àti ti Akínlàdé, iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe fún báǹkì ló jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí bàtà ti ń ta àwọn oníṣòwò lẹ́sẹ̀.

Àwọn tó wá láti inú ẹ̀kọ́ mìíràn

Ìyìnolúwa Abóyèjí kópa nínú dídá Andela sílẹ̀ lọ́dún 2014, àti Flutterwave lọ́dún 2016. Ẹ̀kọ́ nípa òfin ni ó kọ́ ní Yunifásítì Waterloo ní Kánádà. Andela bẹ̀rẹ̀ nípa kíkọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní kíkọ kóòdù kí ó tó fi wọ́n ṣe òṣìṣẹ́ fún àwọn iléeṣẹ́ òkèèrè. Ọ̀rọ̀ àdéhùn, owó ọ̀yà àti ìgbanisíṣẹ́ láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè sì jẹ́ apá tó tóbi nínú irú òwò bẹ́ẹ̀.

Bọ̀sún Tìjání gba oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ní Yunifásítì Jos. Ó wà lára àwọn tó dá Co-Creation Hub, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí CcHUB, sílẹ̀. Lọ́dún 2011 ni wọ́n ṣí ibùdó wọn ní Yábàá ní Èkó, níbi tí àwọn tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ orí ayélujára ti lè rí ààyè, iná àti íntánẹ́ẹ̀tì lò. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023 ni ó di mínísítà fún ètò ìbánisọ̀rọ̀, ọgbọ́n àtinúdá àti ọrọ̀ ajé orí ayélujára ní Nàìjíríà.

Temie Giwa-Túbọ̀sún, tí a bí ní Ìlá-Ọ̀ràngún, kọ́ nípa ètò ìṣèlú ní Amẹ́ríkà, ó sì ṣiṣẹ́ nínú ètò ìlera. Lọ́dún 2016 ni ó dá LifeBank sílẹ̀, iṣẹ́ tí ń so ilé ìwòsàn tó nílò ẹ̀jẹ̀ pọ̀ mọ́ ibi ìfẹ̀jẹ̀pamọ́ tó ní i, tí ó sì ń gbé ẹ̀jẹ̀ náà dé ọ̀dọ̀ aláìsàn. Níhìn-ín, ìmọ̀ ohun tó ń pa aboyún àti ọmọ ni ó ṣíwájú. Kóòdù tẹ̀ lé e.

Ire Adérìnọ́kun, obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí Google fi ṣe ọ̀kan lára àwọn tó kà sí ọ̀jáfáfá nínú kíkọ ìkànnì, kọ́ ìmọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá ní Yunifásítì Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ iṣẹ́ kóòdù, ó sì ń kọ ohun tó bá mọ̀ síta kí àwọn ẹlòmíràn lè rí i kà lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì láìtíì parí

Ní oṣù Kẹta ọdún 2005, Ṣeun Osewa gbé Nairaland jáde, tó di ọ̀kan lára àwọn ojúlé tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ń lò jù lọ fún ìfọ̀rọ̀wérọ̀. Ó wọ Yunifásítì Ifẹ̀, ṣùgbọ́n kò parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ní ọgbà kan náà, Ọpẹ́yẹmí Awóyẹmí, Ayodeji Adewunmi, àti Ọlálékan Olúdé bẹ̀rẹ̀ Jobberman ní oṣù Kẹjọ ọdún 2009, nígbà tí àwọn olùkọ́ Yunifásítì wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì. Ìyanṣẹ́lódì tó dá ẹ̀kọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ dúró fún wọn ní àkókò, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí àwọn tó ti jáde ń wá kiri ló sì fún wọn ní ohun tí wọn yóò ṣe.

Àwọn onímọ̀ èdè àti sọ́fítíwíà gbangba

Ní ìhà sọ́fítíwíà gbangba, ẹ̀ka tó so mọ́ ilẹ̀ Yorùbá jù lọ ni iṣẹ́ lórí èdè. Ìdí rẹ̀ rọrùn láti rí. Nínú kíkọ Yorùbá, àmì ohùn ni ó ń sọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ tí lẹ́tà wọn bá ara mu: igba ni iye tó jẹ́ 200, igbá ni ohun tí a fi ń bu omi, ìgbà ni àkókò, igbà sì ni okùn tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Bí kọ̀ǹpútà kò bá lè gba àmì wọ̀nyí wọlé, tàbí tí kò bá lè fi ọwọ́ kan náà mú wọn, gbogbo rẹ̀ di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lójú rẹ̀. Nínú ìlànà Unicode, ẹ, ọ àti ṣ ní ipò tiwọn, ṣùgbọ́n lẹ́tà bíi ẹ́ tàbí ọ̀ kò ní ipò kan pàtó. Ṣe ni a ń to àmì ohùn lé lẹ́tà lórí. Nítorí èyí, ọ̀rọ̀ méjì tí ojú rí bí ọ̀kan náà lè yàtọ̀ nínú kọ̀ǹpútà, kí ẹni tó ń wá ọ̀kan má sì rí èkejì.

Túndé Adégbọlá

Onímọ̀ ẹ̀rọ ni Adégbọlá, ó sì ti lọ́wọ́ nínú gbígbé ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n kalẹ̀ ní Nàìjíríà kí ó tó gbájú mọ́ ọ̀rọ̀ èdè. Òun ló dá African Languages Technology Initiative, tí a mọ̀ sí Alt-i, sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Àjọ náà ti ṣiṣẹ́ lórí kíbọ́ọ̀dù fún kíkọ Yorùbá, lórí bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe máa dá ọ̀rọ̀ ẹnu mọ̀, àti lórí bí yóò ṣe máa ka ọ̀rọ̀ jáde. Ẹni tó ti fi ọdún púpọ̀ ṣiṣẹ́ lórí ohùn nínú afẹ́fẹ́ kò ní kọ́ ohun tuntun kí ó tó mọ̀ pé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ní ìwọ̀n tí ẹ̀rọ lè kà.

Kọ́lá Túbọ̀sún

Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni Túbọ̀sún kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Lọ́dún 2009 ó lọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní èdè Yorùbá ní Yunifásítì Southern Illinois ní Edwardsville, ní Amẹ́ríkà, lábẹ́ ètò Fulbright. Níbẹ̀ náà ni ó ti gba oyè kejì. Nígbà tó padà wálé, ó ṣe olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ẹ̀kọ́ gíráma ní Èkó. Lọ́dún 2012, ó wà lára àwọn tó ṣe agbátẹrù ìpolongo pé kí Twitter ní ojú-ewé ní èdè Yorùbá.

Lọ́dún 2015 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó jọ lọ́wọ́ aráyé láti ṣe YorubaName.com, ìwé atúmọ̀ orúkọ Yorùbá tí ẹnikẹ́ni lè fi orúkọ kún. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ló ṣe ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ náà, kóòdù rẹ̀ sì wà ní gbangba lórí GitHub. Wọ́n tún ṣe kíbọ́ọ̀dù tí ènìyàn lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́ láti fi kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn. Túbọ̀sún ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Google lórí ọ̀rọ̀ èdè, ó sì wà lára àwọn tó ṣe ohùn Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà tí Google gbé jáde lọ́dún 2019.

Ìran tó tẹ̀ lé wọn

Lọ́dún 2018, Iroro Orife, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ohùn àti orin lórí kọ̀ǹpútà, gbé ìwádìí jáde lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè dá àmì ohùn padà sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a kọ láìfi àmì sí. Ó sì gbé kóòdù rẹ̀ sí ojútáyé. Lọ́dún 2019 ni ẹgbẹ́ Masakhane bẹ̀rẹ̀ láti Gúúsù Áfíríkà, tí àwọn olùwádìí láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà ń ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀ lórí ayélujára. David Ìfẹ́olúwa Adélaní, tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Àbújá kí ó tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Saarland ní Jámánì, darí MasakhaNER, àkójọ détà fún èdè Áfíríkà 10 tó jáde lọ́dún 2021. Yorùbá wà nínú wọn, ẹnikẹ́ni ló sì lè gba détà náà lò. Nínú irú iṣẹ́ yìí, ẹni tó lè sọ bí a ṣe ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ wúlò bí ẹni tó lè kọ kóòdù.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó àti agbègbè Ọ̀wọ̀

Yàtọ̀ sí Ilé-Olújì àti Àkúrẹ́ tí a ti dárúkọ, ìpínlẹ̀ Oǹdó ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ìmọ̀ ẹ̀rọ ti fìdí múlẹ̀. Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1981. Ní Ọ̀wọ̀, a dá Pólì Rufus Gíwá sílẹ̀ lọ́dún 1979 gẹ́gẹ́ bí Pólì Ìpínlẹ̀ Oǹdó, Yunifásítì Achievers sì gba ìwé àṣẹ lọ́dún 2007. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ní Ọ̀wọ̀ tàbí ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ tó wà nítòsí rẹ̀ kò ní láti kúrò ní agbègbè náà kí ó tó rí ibi tó ti lè kọ́ iṣẹ́ yìí.

Agbègbè yìí tún kan ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ní ọ̀nà mìíràn. Nínú ìpín tí àwọn onímọ̀ ṣe fún ẹ̀ka-èdè Yorùbá, ẹ̀ka-èdè Ọ̀wọ̀ wà lábẹ́ ti ìhà gúúsù ìlà-oòrùn, pẹ̀lú Oǹdó, Ìkálẹ̀, Ìlàjẹ àti Ìjẹ̀bú. Ọ̀pọ̀ détà tí a fi kọ́ kọ̀ǹpútà ní Yorùbá, Yorùbá àjùmọ̀lò ni wọ́n fi kọ ọ́. Lọ́dún 2024, àwọn olùwádìí kan gbé YORÙLECT jáde, àkójọ détà tó fi Ifẹ̀, Ìlàjẹ àti Ìjẹ̀bú kún Yorùbá àjùmọ̀lò. Wọ́n rí i pé iṣẹ́ ẹ̀rọ dínkù gidigidi nígbà tí a bá fi ẹ̀ka-èdè sọ̀rọ̀ sí i. Ọ̀wọ̀ kò sí nínú àkójọ náà. Ẹni tí yóò ṣe é fún Ọ̀wọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó gbọ́ ẹ̀ka-èdè náà, tàbí ẹni tó ń bá àwọn tó gbọ́ ọ ṣiṣẹ́.

Àfiwé pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè

Bí ọ̀rọ̀ ti rí ní ilẹ̀ Yorùbá kò yàtọ̀ púpọ̀ sí bó ti rí níbòmíràn. Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà tó bẹ̀rẹ̀ Ubuntu lọ́dún 2004, kọ́ nípa òwò àti ìṣúná ní Yunifásítì Cape Town. Ó ti ta iléeṣẹ́ rẹ̀ Thawte fún VeriSign lọ́dún 1999, owó yẹn ló sì fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ sọ́fítíwíà gbangba rẹ̀. Jimmy Wales, tó kópa nínú dídá Wikipedia sílẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2001, kọ́ nípa ìṣúná, ó sì ṣe òwò ní ọjà ìdókòwò ní Chicago. Larry Sanger tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ jẹ́ onímọ̀ ọgbọ́n orí. Agbẹjọ́rò ni Mitchell Baker, tó darí Mozilla fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ló sì kọ ìwé àṣẹ tí a fi ń pín sọ́fítíwíà Mozilla.

Èyí tó sún mọ́ àwọn onímọ̀ èdè wa jù ni ti Larry Wall, tó gbé èdè kóòdù Perl jáde lọ́dún 1987. Òun àti ìyàwó rẹ̀ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú èrò láti lọ ṣe ìlànà ìkọ̀wé fún èdè kan tí a kò tíì kọ sílẹ̀, bóyá ní Áfíríkà. Àìlera kò jẹ́ kí ó lọ, ṣùgbọ́n ìmọ̀ èdè rẹ̀ hàn nínú bó ti ṣe Perl.

Bí ìpìlẹ̀ ṣe ń darí iṣẹ́

Ohun mẹ́ta ló hàn nínú àwọn ìtàn tí a tò sókè yìí. Èkíní ni pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ ló sábà máa ń fi ìṣòro hàn. Ọ̀pẹ̀kẹ́ rí àìtó ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì nítorí pé òwò ìlà ìbánisọ̀rọ̀ ni ó ti ń ṣe; Akínlàdé rí ìṣòro ìsanwó nítorí pé ó ti bá báǹkì ṣiṣẹ́; Túbọ̀sún rí àìsí orúkọ Yorùbá lórí ayélujára nítorí pé olùkọ́ èdè ni.

Èkejì ni pé ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnì kan ní gbogbo ìmọ̀ tí iṣẹ́ nílò. Ẹni tó mọ òfin ní láti wá ẹni tó mọ kóòdù, onímọ̀ èdè ní láti wá ẹni tó lè gbé ìkànnì ró. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí fi ní ju olùdásílẹ̀ kan lọ.

Ẹ̀kẹta kan owó. Àwọn iṣẹ́ tí ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà ti rí olùdókòwò láti òkèèrè, a sì ti ra òmíràn nínú wọn ní iye tó tóbi. Àwọn iṣẹ́ lórí èdè gbára lé ọrẹ, owó ìwádìí àti àkókò àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni. Bẹ́ẹ̀, ìhà méjèèjì ń lo ara wọn: ẹni tó bá fẹ́ kí iṣẹ́ ìsanwó tàbí ìfowópamọ́ rẹ̀ gbọ́ Yorùbá láti ẹnu oníbàárà yóò nílò détà àti kóòdù tí àwọn onímọ̀ èdè ti gbé sí gbangba. Lára àwọn ẹgbẹ́ tí ń gbìyànjú láti fi kún iye àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ gbangba yìí ni Open Source Community Africa, tí Samson Goddy àti Ada Nduka Oyom dá sílẹ̀, tó ṣe àpéjọ ńlá rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Èkó ní oṣù Kejì ọdún 2020. Nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, kíkọ ìtọ́sọ́nà, títúmọ̀ ọ̀rọ̀, yíya àwòrán àti ríróyìn àṣìṣe jẹ́ iṣẹ́ tí a ń kà sí ìkópa gẹ́gẹ́ bí kíkọ kóòdù.